Ohun tí ó Wọlé àti Ohun tí ó Jáde: Ìtàn Iná, Ọṣẹ, Aró àti Irin ní Ilẹ̀ Wa



Kò sí ọmọ Ẹdẹ kan tí kò mọ orúkọ Tìmì Àgbàlé, Ọlọ́fà-iná. Ìtàn tí àwọn bàbá wa fi lé wa lọ́wọ́ ni pé Aláàfin Ọ̀yọ́ ni ó rán jagunjagun yìí wá sí ìhà ìhín láti ṣọ́ ààlà ilẹ̀ rẹ̀, àti pé ọfà rẹ̀ a máa gbé iná dání lọ bá ọ̀tá. Orúkọ náà kò tíì kúrò ní ẹnu wa títí di òní. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan tí ó dàbí ìbéèrè ọmọdé: nígbà tí iná bá jó igi ọfà náà tán, níbo ni igi náà lọ? Ẹ ó dá mi lóhùn pé ó di eérú. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé igi lé òṣùwọ̀n kí a tó ti iná bọ̀ ọ́, tí a sì gbé eérú rẹ̀ lé òṣùwọ̀n kan náà lẹ́yìn tí iná kú, eérú náà kò ní tó ìdá kan nínú ogún ìwọ̀n igi. Níbo ni èyí tí ó kù gbà lọ?

Ìbéèrè yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa lónìí. Nínú ohunkóhun tí ó bá yí padà, ìbáà ṣe nínú iná, nínú ìkòkò, tàbí nínú ara ènìyàn, kí ni ó wọlé, kí sì ni ó jáde? Àwọn ọmọ wa ní ilé ẹ̀kọ́ a máa kọ ọ́ sí ìhà méjì ọfà kan: àwọn ohun tí ó wọlé ní ọwọ́ òsì, àwọn ohun tí ó jáde ní ọwọ́ ọ̀tún. Púpọ̀ nínú wọn rò pé ohun àjèjì ni, tí a kọ́ sórí kí a lè yege ìdánwò. Mo fẹ́ fi hàn pé iṣẹ́ náà ti wà ní ẹ̀yìnkùlé wa láti ayébáyé. Ìṣirò rẹ̀ ni a kò kọ sílẹ̀. Ìyá tí ń ṣòwò ní ọjà kì í jẹ́ kí kọ́bọ̀ kan sọnù láìbéèrè. Ó mọ iye tí ó kó lọ, ó mọ iye tí ó kó bọ̀, bí méjèèjì kò bá sì dọ́gba, ó mọ̀ pé ohun kan wà tí òun kò rí. Ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì kò ju èyí lọ.

I. Iná àti Òṣùwọ̀n

Àwọn àgbà a máa wí pé, bí iná bá kú, a fi eérú bojú; bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Òtítọ́ ni òwe náà ní ti ìdílé. Ṣùgbọ́n ní ti iná, eérú nìkan kọ́ ni àrólé ohun tí ó jó. Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi òṣùwọ̀n sọ èyí ní gbangba ni Jan Baptist van Helmont, oníṣègùn kan ní ìlú Brussels. Nínú ìwé rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1648, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó ròyìn pé nínú pọ́ùn 62 èédú tí a jó, pọ́ùn 1 péré ni eérú tí ó kù. Pọ́ùn 61 tí ó kù ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Òun ni ó sọ ohun tí ó lọ náà ní gáàsì, orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é títí di ìsinsìnyí.

Van Helmont rí ohun tí ó jáde, ṣùgbọ́n kò rí gbogbo ohun tí ó wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀, fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn ọ̀mọ̀wé Jámánì àti ti ilẹ̀ mìíràn kọ́ni pé ohun kan ń gbé inú gbogbo ohun tí ó lè jó, iná sì ni ìgbà tí ohun náà bá ń sá jáde. Ẹ̀kọ́ náà dùn létí, nítorí ẹni tí ó bá wo iná yóò gbà pé ohun kan ń jáde lóòótọ́. Àléébù rẹ̀ kan ni èyí: bí a bá sun òjé nínú afẹ́fẹ́ títí ó fi di lúbúlúbú, ìwọ̀n rẹ̀ kì í dínkù, ńṣe ni ó ń pọ̀ sí i. Ta ni ó tíì rí àpò tí owó jáde nínú rẹ̀ tí ó sì wúwo sí i?

Ẹni tí ó yanjú ọ̀rọ̀ náà ni Antoine Lavoisier ti ìlú Paris, tí a bí ní 1743. Ọkùnrin yìí wà nínú ẹgbẹ́ àwọn agbowó-orí ọba, ó sì mọ ìṣirò owó dáradára. Ní 1772 ó fi òṣùwọ̀n rí i pé imí-ọjọ́ àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì a máa wúwo sí i nígbà tí wọ́n bá jó. Ní 1774 Joseph Priestley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí afẹ́fẹ́ kan tí àbẹ́là ń tàn nínú rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Carl Wilhelm Scheele ní Súwídìn ti rí afẹ́fẹ́ yìí kan náà pẹ̀lú. Lavoisier ni ó mọ ohun tí ìròyìn wọn túmọ̀ sí. Afẹ́fẹ́ náà, tí ó sọ ní ọ́síjìn, ni ó ń wọ inú ohun tí ń jó. Ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó wọlé ti wà láàrín wa láti ọjọ́ tí ayé ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé a kò fi owó rà á, tí a kò sì fojú rí i, kò sí ẹni tí ó kà á mọ́ ọn.

Ìwọ̀n rẹ̀ rọrùn láti há sórí. Bí pọ́ùn 12 èédú tí ó mọ́ bá jó tán pátápátá, yóò mú pọ́ùn 32 ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́, ohun tí yóò sì jáde jẹ́ pọ́ùn 44 gáàsì. 12 àti 32 jẹ́ 44. Kò sí ohun tí ó sọnù, kò sì sí ohun tí ó ti ibì kankan wá lójijì.

Nínú ìwé ńlá tí Lavoisier tẹ̀ jáde ní 1789, kò mú iná nìkan ṣe àpẹẹrẹ, ó mú bí oje èso àjàrà ti ń di wáìnì. Ó gbé oje náà sí ìhà kan, ó gbé ọtí àti gáàsì tí ń hó jáde sí ìhà kejì, ó sì wí pé ìhà méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Àwa náà mọ̀ ọ́n nínú ẹmu. Ẹni tí ó bá dé ẹmu tuntun pinpin nínú ìgò yóò rí i bí ìdérí yóò ti ta kúrò. Adùn inú ẹmu ni ó wọlé. Ọtí ni ó jáde, gáàsì sì jáde pẹ̀lú rẹ̀. Ọtí ni àwọn ènìyàn ń dúpẹ́ rẹ̀. Gáàsì ni ó ta ìdérí.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún 1794, ní àkókò ìdàrúdàpọ̀ ńlá ti ilẹ̀ Faransé, wọ́n bẹ́ Lavoisier lórí nítorí iṣẹ́ owó-orí tí ó ti ṣe. Ṣùgbọ́n òfin tí ó fi sílẹ̀ kò kú. Ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, Jöns Jacob Berzelius ti Súwídìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà kan tàbí méjì dípò orúkọ ohun ìpìlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Láti ibẹ̀ ni àwọn àmì tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń kọ lónìí ti bẹ̀rẹ̀.

II. Ọṣẹ Dúdú

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a padà sí ẹ̀yìnkùlé àwọn ìyá wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ se ọṣẹ dúdú a kọ́kọ́ wá eérú: eérú èèpo kòkó, eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, tàbí ti igi tí àwọn àgbà mọ̀ pé eérú rẹ̀ múná. Yóò kó o sínú ìkòkò tí a lu ní ìdí, yóò da omi lé e, omi náà yóò sì máa kán sínú ìkòkò tí ó wà ní ìsàlẹ̀. Omi eérú yìí a máa ta ahọ́n, a sì máa yọ̀ lọ́wọ́. Yóò sè é títí yóò fi ki, yóò da epo tàbí àdín sí i, yóò sì máa ro ó títí ọṣẹ yóò fi dé.

Kí ni ó wọlé? Omi eérú àti epo. Kí ni ó jáde? Ọṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá náà yóò dáhùn, ìdáhùn rere sì ni, ṣùgbọ́n kò pé. Scheele tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ti rí ohun olómi kan tí ó dùn bí oyin nínú òróró ní nǹkan bí 1779. Michel Eugène Chevreul ti ilẹ̀ Faransé ni ó wá tú àṣírí rẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ ní 1823. Ó fi hàn pé epo kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ásíìdì epo àti ohun dídùn náà, tí ó pè ní glisẹríìnì, ni ó so pọ̀ di epo. Omi eérú a tú wọn ká: yóò mú ásíìdì, wọn yóò di ọṣẹ, glisẹríìnì yóò sì dá dúró. Nítorí náà ohun méjì ni ó ń jáde, kì í ṣe ọ̀kan. Chevreul pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kú ní 1889 ní ẹni ọdún 102.

Nínú ọṣẹ dúdú wa, glisẹríìnì náà kì í kúrò, inú ọṣẹ ni ó ń gbé. Ó wà lára ohun tí ó mú kí ọṣẹ náà rọ̀ tí ó sì ń fa omi mọ́ra. Ní ilé-iṣẹ́ ńlá, wọn a fi iyọ̀ yà á kúrò, wọn a sì tà á lọ́tọ̀ fún àwọn apòògùn. Nínú rẹ̀ pẹ̀lú ni a ti ń ṣe ohun tí Alfred Nobel fi ṣe dáínámáítì ní 1867. Ohun tí àwa ń fi wẹ̀ láìmọ̀ pé ó wà níbẹ̀, àwọn ẹlòmíràn ti yọ ọ́, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n sì ti tà á.

Eérú pàápàá ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1807 Humphry Davy ní ìlú London fi agbára iná mànàmáná yọ irú irin kan tí ó rọ̀ jáde láti inú ohun tí a ń rí nínú eérú. Orúkọ tí ó sọ ọ́, potassium, wá láti inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí eérú inú ìkòkò. Nítorí náà ẹni tí ó bá ń wí pé iṣẹ́ eérú jẹ́ iṣẹ́ àìmọ̀kan, kí ó rántí pé ìkòkò irú ti ìyá rẹ̀ wà nínú orúkọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ní ìhà kejì, ewu sì wà níbẹ̀. Ní 1923 ilé-iṣẹ́ Lever Brothers dé sí Nàìjíríà, ọṣẹ ẹ̀rọ kún ọjà. Sódà líle tí a ń pè ní kọ́sítíìkì ti wọlé pẹ̀lú, ó sì ti gba ipò eérú lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ asọṣẹ. Omi eérú kì í le tó sódà yìí. Àṣìṣe inú rẹ̀ kì í sì pọ̀ tó ti sódà. Bí sódà bá ju ohun tí epo lè gbà lọ, èyí tí kò rí epo bá ṣiṣẹ́ kò parẹ́. Yóò dúró sínú ọṣẹ, yóò sì wá epo lọ sí ara ẹni tí ó bá fi wẹ̀. Ara ọmọ tuntun ni yóò kọ́kọ́ jẹ́rìí. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń se ọṣẹ, ẹ má fi ojú díwọ̀n sódà. Ẹ ra òṣùwọ̀n. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wọlé ni ó ń yí padà. Ẹni tí ó bá mọ iye tí ó wọlé nìkan ni ó lè mọ èyí tí ó ṣẹ́kù.

III. Ìkòkò Aró

Láti inú eérú kan náà ni a ti dé ìdí aró. Ní Òṣogbo tí kò jìnnà sí wa, ní Abẹ́òkúta, àti ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, àwọn obìnrin a máa gún ewé èlú, wọn a ṣù ú bí ọmọ ayò ńlá, wọn a sì sá a gbẹ. Wọn a rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan, títí ìkòkò yóò fi jí. Aláró a máa fi ojú, imú àti ahọ́n mọ ọjọ́ tí ó jí.

Ẹ wo ohun ìyanu tí ó wà níbẹ̀. Nígbà tí a bá fa aṣọ jáde nínú ìkòkò, kì í dúdú. Àwọ̀ rẹ̀ a máa rí bí ewé tí ń pọ́n. Bí a bá ti gbé e sókè tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, lójú wa báyìí ni yóò máa yí, títí yóò fi di aró. Ìdí nìyí tí aláró fi ń rì í tí ó sì ń sá a, tí ó tún ń rì í, tí ó tún ń sá a. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ń sá a kí ó lè gbẹ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nìkan: ó ń fún un ní ọ́síjìn. Aró kò lè yọ́ nínú omi, nítorí náà kò lè wọ inú òwú. Àwọn ohun alààyè kéékèèké tí ojú kò rí nínú ìkòkò ni wọ́n ń yí i padà sí ohun tí ó lè yọ́. Yóò wọ inú òwú bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò sì tún un yí padà sí aró nínú òwú náà, kò sì ní lè jáde mọ́. Afẹ́fẹ́ tí Lavoisier rí nínú iná ni ó tún wọlé níhìn-ín.

Ní 1865 Adolf von Baeyer, ọmọ Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí aró jẹ́ gan-an. Ní 1883 ó mọ bí gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ ti so mọ́ ara wọn. Ní 1905 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Kí ó tó gba ẹ̀bùn náà, ilé-iṣẹ́ BASF ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí a fi ohun inú èédú ilẹ̀ ṣe ní 1897. Aró náà kì í ṣe ayédèrú. Ohun kan náà ni, láìsí ìyàtọ̀ kankan nínú ẹ̀dá rẹ̀, pẹ̀lú èyí tí ń jáde láti inú èlú. Ohun tí ó wọlé ni ó yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí èyí, nítorí níhìn-ín ni ẹ̀kọ́ náà ti di ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó jáde dájúdájú lè wá ohun mìíràn tí ó rọrùn fi wọlé. Àwọn àgbẹ̀ tí ń gbin irú ewé yìí ní Íńdíà pàdánù ọjà wọn. Àwọn aláró wa náà, nígbà tí aró inú agolo dé, kò pẹ́ tí wọ́n fi ìkòkò ńlá sílẹ̀. Nike Okundaye, tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo, wà lára àwọn tí kò jẹ́ kí ìkòkò èlú gbẹ pátápátá. Kì í ṣe pé àwọn obìnrin wa kò mọ iṣẹ́ wọn. Wọ́n mọ̀ ọ́n ju Baeyer lọ ní ọwọ́. Ṣùgbọ́n Baeyer mọ orúkọ ohun tí ó wà nínú ìkòkò, orúkọ náà ni ó sì gba ọjà.

IV. Iléru Ọlà-Igbi

Ní 1904 ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ irin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde nípa abúlé kan tí a ń pè ní Ọlà-Igbi, nítòsí Ọ̀yọ́. C. V. Bellamy ni ó kọ ọ́. Ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí bí àwọn ará abúlé náà ti ń yọ irin láti inú òkúta nínú iléru amọ̀, ó sì ṣe ohun kan tí ó yẹ kí a dúpẹ́ rẹ̀: kò gbé irin nìkan lọ. Òkúta tí ó wọlé, irin tí ó jáde, àti ìdàrọ́ tí ó ṣẹ́kù ni a yẹ̀ wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, F. W. Harbord sì kọ ohun tí a rí nínú wọn. Nítorí náà, ní ti iṣẹ́ kan ó kéré tán, a ní ìwé tí ó sọ ohun tí ó wọlé àti ohun tí ó jáde láti ọwọ́ àwọn ènìyàn wa.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú iléru náà nìyí. Òkúta irin jẹ́ irin tí ọ́síjìn ti dì mú. Èédú nínú iléru kì í rí afẹ́fẹ́ tó ní ibi gbogbo. Níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá ti tó, pọ́ùn 12 èédú a máa mú pọ́ùn 16 ọ́síjìn péré, gáàsì tí yóò jáde a sì jẹ́ pọ́ùn 28. Ebi ọ́síjìn ṣì ń pa gáàsì yìí. Bí ó bá bá òkúta irin pàdé, yóò gba ọ́síjìn ara rẹ̀, yóò sì fi irin sílẹ̀. Nínú ìṣirò, ìwọ̀n 160 òkúta irin tí ó mọ́ àti ìwọ̀n 84 gáàsì náà ni ó wọlé. Ìwọ̀n 112 irin àti ìwọ̀n 132 gáàsì kejì ni ó jáde. Ẹ ṣe àròpọ̀ ìhà méjèèjì: 244 ni ìhín, 244 ni ọ̀hún. Yanrìn àti ìdọ̀tí inú òkúta a mú díẹ̀ nínú irin náà, wọn a yọ́, wọn a sì ṣàn jáde bí ìdàrọ́.

Nígbà tí irin òkèèrè di ohun tí owó díẹ̀ ń rà, àwọn iléru kú. Ìdàrọ́ ṣì wà nínú ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Àwọn ọmọdé a máa gbá a bí òkúta lásán, wọn kò mọ̀ pé ìwé ni.

V. Láti Ohun tí ó Jáde padà sí Ohun tí ó Wọlé

Mo wí pé ìwé ni, nítorí a lè kà á láti ẹ̀yìn. Ẹ wo Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí Leo Frobenius, ọmọ Jámánì, dé ibẹ̀ ní 1910, ó rí àfọ́kù ìkòkò tí dígí dì mọ́ inú rẹ̀ ní Igbó Olókun. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀mọ̀wé púpọ̀ gbà pé dígí tí a ti ṣe ní òkèèrè ni àwọn ará Ifẹ̀ kàn tún yọ́ fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kù láti jẹ́rìí. Ìwé kò sí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jáde ṣì wà nílẹ̀.

Ní 2006 Akin Ige àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé pé ohun tí a rí nínú dígí Ifẹ̀ kò bá ti ilẹ̀ Lárúbáwá tàbí ti Yúróòpù mu: láìmù àti alúmínà inú rẹ̀ pọ̀ jù. Lẹ́yìn èyí Abidemi Babalola wa ilẹ̀ Igbó Olókun, ó sì kó ìlẹ̀kẹ̀ tí ó ju 12,000 lọ jáde, pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún àfọ́kù ìkòkò àti pàǹtí dígí. Iṣẹ́ rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní 2017, fi hàn pé ní ọ̀rúndún 11 títí dé ọ̀rúndún 15, inú Ifẹ̀ gan-an ni a ti ń ṣe dígí náà láti inú ohun ilẹ̀ wa. Ẹ kíyèsí bí a ti dá ẹjọ́ náà. Kì í ṣe ìgbéraga ni ó dá a, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìtàn àtẹnudẹ́nu nìkan. Ohun tí ó jáde ni ó sọ orúkọ ohun tí ó wọlé.

VI. Ohun tí Ojú Kò Rí

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan parí, òun sì ni ìdí tí mo fi gbà láti sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ rántí gáàsì tí ń yọ irin nínú iléru, èyí tí pọ́ùn 12 èédú àti pọ́ùn 16 ọ́síjìn bí. William Cruickshank ni ó mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí gáàsì kejì ní 1800. Carbon monoxide ni orúkọ rẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò ta ojú, kò mú ikọ́ wá. Bí ó ti ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn fi ju ìgbà 200 lọ le ju ti ọ́síjìn, ẹ̀jẹ̀ tí ó bá sì ti gbé e kò lè gbé ọ́síjìn mọ́. Ẹni tí ó bá mí in sínú yóò ní orí fífọ́, òòyì yóò kọ́ ọ, oorun yóò gbé e, kò sì ní jí.

Gáàsì yìí kò bá iléru kú. Ó wà nínú àdògán èédú tí a gbé wọ iyàrá nítorí òtútù ọyẹ́, tí a sì ti fèrèsé. Ó wà nínú ẹ̀rọ amúnáwá tí a gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè, tí ó ń ṣiṣẹ́ mọ́jú. Ẹ ti gbọ́ ọ, èmi náà ti gbọ́ ọ, pé ìdílé kan sùn lálẹ́ ní àlàáfíà, tí aládùúgbò sì fọ́ ilẹ̀kùn ní òwúrọ̀. A kò gbọdọ̀ wí pé ayé ni ó ṣe wọ́n. Epo bẹntiróòlù wọlé, afẹ́fẹ́ wọlé; iná mànàmáná jáde, ariwo jáde, wọ́n sì rí méjèèjì. Ẹ̀kẹta jáde, wọn kò rí i.

Àwọn àgbà ní èéfín ni ìwà, kò sí bí a ti lè bò ó mọ́lẹ̀ tí kò ní rú jáde. Èéfín yìí kò rú lójú ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà kan tí a lè gbà rí i ni ìṣirò tí mo ti ń sọ láti àárọ̀: pé ohunkóhun tí ó bá wọ inú iná gbọ́dọ̀ jáde ní ibì kan, àti pé bí a kò bá rí i ní ìta, inú ilé ni ó wà.

Nítorí náà mo bẹ̀ yín. Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìhà òsì àti ìhà ọ̀tún ọfà, ẹ má dúró lórí àmì Berzelius. Ẹ mú wọn lọ sí ìdí ìkòkò ọṣẹ àti ìkòkò aró, kí wọ́n bi àwọn ìyá arúgbó léèrè, kí wọ́n gbé òṣùwọ̀n dání, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gíga wà ní Ẹdẹ yìí, irinṣẹ́ ìwádìí sì wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ igi tí eérú rẹ̀ múná ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin òbí, ẹ gbé ẹ̀rọ amúnáwá jáde sí ìta gbangba, kí ó jìnnà sí fèrèsé, kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní. Èyí kò gba owó.

Ọlọ́fà-iná mọ ibi tí iná rẹ̀ ń lọ kí ó tó ta á. Kí àwa náà mọ ibi tí tiwa ń lọ.